Adágún Tó Yó Jù: Bí A Ṣe Lè Gbà Á Lọ́wọ́ Ewé ní Agbègbè Lọ́kọ́ja

Orí yìí kì í ṣe ti Odò Ọya fúnra rẹ̀. Odò tó ń ṣàn máa ń gbé ìdọ̀tí rẹ̀ lọ bá àwọn ará ìsàlẹ̀, ẹjọ́ tiwọn sì wà lọ́tọ̀. Omi tó dúró là ń bá wí: àwọn adágún tí odò máa ń fi sílẹ̀ lẹ́yìn nígbà tó bá fà padà lẹ́yìn oṣù kẹwàá, láti Koton Karfe títí dé ọ̀nà Ganaja, kòtò tí àgbẹ̀ fàdámà gbẹ́ láti máa fa omi sóko, ìkùdu ẹja ẹ̀yìnkùlé, omi tí àdúgbò sé láti máa fi fọṣọ. Bí ẹ bá ní ọ̀kan, tàbí tí ẹ̀yin àti àwọn míì jọ ń lo ọ̀kan, ẹ̀yin la kọ ọ́ fún.

Ewé tó bo ojú omi kọ́ ni àìsàn náà. Oúnjẹ tó ń wọ inú omi ti pọ̀ jù ni. Ẹni tó bá ń kó ewé láìdí ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà wọlé, iṣẹ́ ọdọọdún ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbà, kò sì sí ẹni tí yóò sanwó rẹ̀ fún un.

Kí ni omi ń jẹ?

Oúnjẹ méjì ló ṣe kókó, náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Ohun kan náà tí àgbẹ̀ ń rà nínú àpò NPK nìyẹn. Òun náà ló wà nínú ìtọ̀, ìgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ ẹran, oúnjẹ ẹja àti àwọn ọṣẹ ìfọṣọ kan. Nínú adágún, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ló sábà máa ń wọ́n jù, òun ló sì ń fa ewé sẹ́yìn. Ọjọ́ tó bá di ọ̀pọ̀, ewé ti rí ààyè. Ní ọdún 1973, David Schindler àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi ìkélé ńlá pín adágún kan sí méjì ní Ontario, ní orílẹ̀-èdè Kánádà. Wọ́n da kábọ́ọ̀nù àti náítírójìn sí apá méjèèjì, ṣùgbọ́n apá kan ṣoṣo ni wọ́n da fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sí. Apá tó jẹ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ki bí ọbẹ̀ ewédú, èkejì dúró bó ṣe wà. Fọ́tò tí wọ́n yà láti òkè parí àríyànjiyàn tí ìwé púpọ̀ kò lè parí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ lọ́nà tó máa yé ẹni tó ń ra ajílẹ̀. Àpò NPK 15-15-15 oníkílò 50 kan ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì bíi kílò 3.3 nínú. (Ẹ má fi 15 tó wà láàárín ṣírò tààrà, òṣùwọ̀n tí àwọn oníléeṣẹ́ ń lò máa ń gbé e ju bó ṣe jẹ́ lọ dáadáa.) Àwọn onímọ̀ adágún sábà máa ń sọ pé omi ti yó jù bí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì bá ti kọjá máíkírógíráàmù 35 nínú lítà kan. Bí gbogbo ohun tó wà nínú àpò yẹn bá ṣàn wọ omi tó mọ́ lóló, ó tó láti gbé lítà bíi mílíọ̀nù 90 dé ojú ìwọ̀n náà. Adágún hẹ́kítà mẹ́sàn-án tó jìn ní mítà kan nìyẹn. Òótọ́ ni pé ohun tó wà nínú àpò kì í ṣàn lọ tán. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àpò kan ṣoṣo ló wà ní fàdámà.

Nígbà tí ewé wẹ́wẹ́ inú omi, tí wọ́n ń pè ní algae nílé ìwé, bá ti pọ̀, wọ́n á máa tú ọ́síjìn sílẹ̀ lọ́sàn-án. Lóru, gbogbo wọn á máa fa ọ́síjìn náà padà, àwọn tó ti kú nínú wọn á sì máa jẹrà, ìjẹrà náà sì ń fẹ́ ọ́síjìn tirẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹja fi máa ń kú ní ìdájí. Ẹni tó bá dé etí omi ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ á rí òkú ẹja, kò ní rí ohun tó pa á, á sì máa fura pé ẹnì kan ló da májèlé sómi.

Kí ẹ tó náwó, ẹ wo omi

Àlùfáà ará Ítálì kan, Angelo Secchi, tó tún jẹ́ onímọ̀ nípa ìràwọ̀, fi àwo funfun wo bí omi òkun ṣe mọ́ tó ní ọdún 1865. Títí di òní, kò sí irinṣẹ́ tó rọrùn tó o. Ẹ wá ìdérí ike tàbí abọ́ pẹrẹsẹ tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20, ẹ fi ọ̀dà kùn ún, ìdá mẹ́rin rẹ̀ ní dúdú àti funfun, ẹ so òkúta mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì ta kókó sí okùn rẹ̀ ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá. Láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ ní apá tí òjìji ọkọ̀ wà, títí ojú yín kò fi rí i mọ́. Ẹ tún fà á sókè díẹ̀ títí tí yóò fi hàn. Àárín ibi méjèèjì ni ẹ ó kọ sílẹ̀. Ẹnì kan náà ni kó máa wò ó nígbà gbogbo, nítorí ojú ju ojú lọ.

Ní tiwa níbí, àwo yìí lè tan ènìyàn jẹ. Láti oṣù keje títí di oṣù kẹwàá, ẹrẹ̀ ni Odò Ọya àti Bẹ́núé ń gbé bọ̀, omi á pọ́n, àwo á sì pòórá ní ìwọ̀n apá kan péré láìsí ewé kankan níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ bu omi sínú ìgò funfun, kí ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹrẹ̀ á rọ sísàlẹ̀. Ewé wẹ́wẹ́ á dúró káàkiri inú ìgò tàbí kó léfòó, omi á sì ṣì ní àwọ̀ ewé. Àkọsílẹ̀ tó yẹ kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé ni ti oṣù kejìlá sí oṣù kẹrin, nígbà tí omi ti parọ́rọ́.

Ojú oró àti òṣíbàtà kì í ṣe ọ̀tá. Wọ́n ti wà lójú omi wa tipẹ́tipẹ́, ẹja ń yé sábẹ́ wọn. Bí ojú oró bá ń gbilẹ̀ lọ́dọọdún ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara yín léèrè ohun tó ń jẹ.

Ohun tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù ni ewé tó bo ojú omi pẹ̀kípẹ̀kí ní apá ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ sí, tó sì ń rùn. Ẹ fi igi tọ́ ọ. Bó bá so rọ̀ mọ́ igi bí fọ́nrán òwú, ìyẹn kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Bó bá jẹ́ pé ṣe ló kun igi náà láwọ̀ ewé, ẹ kà á sí cyanobacteria, ẹ̀dá wẹ́wẹ́ tó lè mú oró tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ jáde. Ẹ má mu omi náà, ẹ má jẹ́ kí ajá tàbí ewúrẹ́ mu ún, kí ẹ sì má ṣe sè é. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà, nítorí a ti mọ̀ pé sísè ló ń pa kòkòrò inú omi. Ó pa kòkòrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n oró yìí kì í kú sínú iná. Nígbà tí kòkòrò bá bẹ́ nínú omi gbígbóná, oró inú rẹ̀ á tú jáde. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, ìjọba ìlú Toledo ní Amẹ́ríkà, tó ń mu omi láti Adágún Erie, pàṣẹ fún bí ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn pé kí wọ́n má mu omi ẹ̀rọ, kí wọ́n má sì sè é. Ìlú tó ní ẹ̀rọ ìsọmidimímọ́ tirẹ̀ nìyẹn o.

Ẹ wá ẹnu ọ̀nà

Lọ́kọ́ja há sáàárín òkè Patti àti odò. Ohunkóhun tó bá bọ́ sílẹ̀ lókè, ìsàlẹ̀ ló ń bọ̀. Ní òjò kejì tàbí ìkẹta ọdún (ti àkọ́kọ́ ìdọ̀tí ojú títì ni, kì í fi ọ̀nà gidi hàn), ẹ wọ bàtà rọ́bà, kí ẹ rìn yí adágún yín ká, kí ẹ sì tẹ̀lé gbogbo omi tó ń wọnú rẹ̀ títí dé orísun. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ sínú ìwé. Ọ̀nà tó tóbi jù kọ́ ló burú jù. Gọ́tà tín-ín-rín kan láti ẹ̀yìn odò ẹran lè ju gbogbo omi títì lọ.

Ìkùdu ẹja àrọ̀ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dá dúró lórí, nítorí àwọn tó ni ín kì í ka ara wọn mọ́ àwọn tó ń ba omi jẹ́. Oúnjẹ ẹja kún fún náítírójìn, ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀, tàbí díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ló ń di ara ẹja. Ìyókù wà nínú omi tí ẹ ń ṣí dànù. Èyí tó burú jù nínú rẹ̀ ni èyí tó kẹ́yìn, omi ìsàlẹ̀ tó dà pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ ẹja. Ẹ lè jẹ́ kí omi òkè ṣàn lọ, ṣùgbọ́n ẹ darí ti ìsàlẹ̀ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí sóko àgbàdo. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò ní bá yín jà. Bí ilẹ̀ kò bá sí, ẹ gbẹ́ kòtò mìíràn sísàlẹ̀ kí omi náà dúró níbẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, kí ẹrẹ̀ rọ̀, kí ẹ tó jẹ́ kó lọ. Ẹ sì dín oúnjẹ tí ẹ ń dà kù: èyí tí ẹja kò jẹ tán ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, owó yín ló ń sọ omi di ewé.

Ní ti oko ìrẹsì fàdámà, ajílẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ìgbà tí a ń fọ́n ọn ni. Yúríà tí a fọ́n sójú omi ní ọjọ́ tí òjò ń gbára jọ, ìdajì rẹ̀ kò ní dúró de ìrẹsì. Ọ̀nà tó dára ni kí a pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Èyí tó tún dára jù ú lọ ni yúríà tí a ti tẹ̀ papọ̀, tí a ń rì mọ́lẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ ìrẹsì mẹ́rin, ní ìjìn bíi sẹ̀ǹtímítà méje sí mẹ́wàá. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, ó sì ń rẹni, ṣùgbọ́n àpò á pẹ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ẹ fi ilẹ̀ tó tó mítà márùn-ún sí mẹ́wàá sílẹ̀ láàárín oko àti etí omi, kí eèsún àti ìféèfé máa hù níbẹ̀. Àwọn ló ń gba ẹrẹ̀ dúró, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sì máa ń lẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀. Ẹ máa gé wọn lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kí ẹ sì kó wọn jìnnà fún màlúù jẹ, torí bí wọ́n bá jẹrà síbẹ̀, wọn á dá gbogbo rẹ̀ padà.

Ṣáláńgá: ìlànà tí àwọn onímọ̀ ìlera ń tẹ̀ lé ni pé kó jìnnà sí omi tó mítà 30, kí ìdí rẹ̀ sì ga ju omi abẹ́ ilẹ̀ lọ ní mítà kan àbọ̀. Ní Kabawa àti Adankolo, ìlànà yìí ṣòro láti pa mọ́, gbogbo wa la sì rí ohun tí omíyalé ọdún 2012 àti ti 2022 ṣe sí ṣáláńgá àti sọ́kàwé. Ṣáláńgá tí a gbé sórí pèpéle, tí ìtọ̀ ń ṣàn sínú kẹ́ẹ̀gì lọ́tọ̀, ló bá ibẹ̀ mu. Nínú ohun tí ara ń yà sóde, ìtọ̀ ló ń gbé náítírójìn tó pọ̀ jù lọ. Ẹ bomi là á, kí ẹ dà á sídìí àgbàdo.

Odò ẹran: kí ẹ̀jẹ̀ má wọ gọ́tà láé. Kí a gbá a jọ pẹ̀lú ohun tó wà nínú ikùn ẹran, kí a kó wọn sórí òkìtì ajílẹ̀. Ọṣẹ ìfọṣọ: ẹ ka ẹ̀yìn páálí, ẹ má ra èyí tí wọ́n kọ fọ́sífétì sí; ilẹ̀ Yúróòpù fi òfin dín in kù nínú ọṣẹ ìfọṣọ láti ọdún 2013. Ẹ da omi ìfọṣọ sórí ilẹ̀, kì í ṣe sínú adágún.

Wọ́tà háyásíńtì

Ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà ni ewé yìí ti wá, ó sì gba ojú omi Badagry wọ Nàìjíríà láti ìhà Benin ní ọdún 1984. Ẹ mọ̀ ọ́n: ewé rẹ̀ ń dán, òdòdó rẹ̀ lẹ́wà ní àwọ̀ àlùkò, ìdí igi ewé rẹ̀ wú tó sì kún fún afẹ́fẹ́. Bí oúnjẹ bá tó o, ó lè di ìlọ́po méjì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Èso rẹ̀ lè sùn sínú ẹrẹ̀ ju ọdún 15 lọ kó tó hù. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun á fà á tu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, owó ló ń wá.

Ọwọ́ la fi ń fà á bí adágún bá kéré, pẹ̀lú àwọ̀n àti ọkọ̀ ọ̀pá. Oṣù kejì àti ìkẹta ló dára jù, nígbà tí omi ti fà, kó tó yọ òdòdó lọ́pọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti apá ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ sí, kí atẹ́gùn máa kó ìyókù bọ̀ wá bá yín. Ẹ kó o sí ibi tí ìkún odò kò lè dé. Òkìtì tí a fi sílẹ̀ létí omi, oṣù kẹsàn-án á gbé e padà. Nínú ìwọ̀n rẹ̀, ó lé ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún tó jẹ́ omi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí oòrùn gbẹ ẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó sanwó ọkọ̀ tí yóò kó o. Tí ẹ bá dà á pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ màlúù àti ìyàngbò, ajílẹ̀ tó dára ni. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ láti inú gọ́tà àwọn mẹkáníìkì lẹ ti fà á, ẹ má lò ó fún ẹ̀fọ́, torí ewé yìí máa ń fa irin olóró sára.

Ẹ wá gbọ́ ìṣirò tó yẹ kó dá yín lójú. Láti kó fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú àpò NPK kan padà, ẹ máa fa ewé tútù tó tọ́ọ̀nù mẹ́wàá sí ogún. Ó sàn kí ajílẹ̀ náà má wọ omi rárá.

Oògùn apakoríko ńkọ́? Èmi kò ní gbà á fún omi tí ènìyàn ń mu tàbí tí ẹja wà nínú rẹ̀. Ewé á kú, á rì, á jẹrà, á gba ọ́síjìn, á sì dá gbogbo oúnjẹ tó ti jẹ padà fún omi. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, òmíràn á hù.

Kòkòrò ni àwọn ará Benin gbójú lé. Kòkòrò kékeré méjì tí wọ́n ń pè ní Neochetina, àwọn náà láti Gúúsù Amẹ́ríkà, kì í jẹ ohun mìíràn tó kọjá ewé yìí. Láti ọdún 1991 ni ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn sílẹ̀ ní gúúsù Benin. Ìwádìí kan tó jáde ní 2003 ṣírò pé iṣẹ́ náà ná wọn ní mílíọ̀nù dọ́là 2.09, èrè rẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po 124. Kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì. Ọdún bíi mẹ́ta sí márùn-ún ni, ewé náà kì í sì í parun pátápátá, ó kàn ń dín kù ni. Ẹ má fọwọ́ ara yín kó kòkòrò láti ibì kan dé ibòmíràn. Ẹ kọ̀wé sí ilé ìwádìí ẹja omi dídùn tó wà ní New Bussa. Ní ti ojú odò fúnra rẹ̀, iṣẹ́ NIWA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀nà omi, ni kíkó ewé kúrò lọ́nà ọkọ̀ omi, orílé-iṣẹ́ wọn sì wà ní Lọ́kọ́ja níbí. Ọ̀nà kò jìn.

Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀

Ìlú méjì ló lè fi ọ̀rọ̀ yìí yé wa. Ní Seattle, wọ́n ń da omi ẹ̀gbin ìlú sínú Adágún Washington títí tí omi rẹ̀ fi di ewé. Láàárín 1963 sí 1968 wọ́n fi páìpù gbé gbogbo rẹ̀ gba ibòmíràn lọ. Láàárín ọdún mélòó kan péré, omi mọ́. Ní Växjö, ní orílẹ̀-èdè Sweden, wọ́n dáwọ́ dída ẹ̀gbin sínú Adágún Trummen dúró ní ìparí àwọn ọdún 1950, wọ́n dúró títí, kò sí ohun tó yí padà. Adágún náà kò jìn, ẹrẹ̀ ìdí rẹ̀ ti kó fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ọ̀pọ̀ ọdún pamọ́, ó sì ń tú u jáde nígbàkúùgbà tí ọ́síjìn bá tán nísàlẹ̀. Ní 1970 àti 1971 wọ́n wa ẹrẹ̀ náà kúrò. Ìgbà yẹn ni omi tó mọ́.

Ti Trummen ni tiwa jọ. Adágún wa kò jìn, wọ́n gbóná, ẹrẹ̀ wọn sì ti pẹ́. Àǹfààní kan tí Sweden kò ní ni pé ẹ̀ẹ̀rùn máa ń gbẹ etí adágún wa. Ní oṣù kejì sí oṣù kẹrin, ẹ kó ṣọ́bìrì àti bàrọ̀ wá, kí ẹ gé ẹrẹ̀ dúdú òkè, sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30, kí ẹ gbé e lọ sóko. Ẹ má rò pé gbígbẹ nìkan á tó. Ẹrẹ̀ tó gbẹ tí omi tún padà bò máa ń tú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì jáde lójijì, nígbà mìíràn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí tí ẹ kò bá kó, odò á bá a níbẹ̀. Ẹ fi àárín adágún sílẹ̀, ibi tó jìn jù, kí ẹja tó kù lè rí ibi sá sí.

Àwọn kan á gbé álọ́ọ̀mù wá. A ń lò ó nínú kòkò omi nílé, ó sì ń mú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì rì nínú adágún lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ìwọ̀n bá ṣì, omi á kan, ẹja á kú, ìkún odò ọdún tó ń bọ̀ á sì gbé ẹrẹ̀ tuntun bò ó. Láìsí àyẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ gíga kan, ẹ má dà á síbẹ̀. Ìyẹ̀fun kòkòrò àìfojúrí inú ike tí wọ́n ń polówó fún àwọn ọlọ́sìn ẹja, èmi kò tíì rí ìdí tó fi yẹ kí ẹ ná owó adágún lé e.

Àwọn tó yẹ kó jókòó

Òwòrò, Nupe, Ìgalà, Ẹ̀bìrà, Bàsà àti Hausa ló ń lo omi kan náà. Ìpàdé tí a bá fi èdè kan ṣoṣo ṣe, ìdajì àwọn tó ni adágún kò sí níbẹ̀. Ẹ pe sàríkìn ruwa, olórí àwọn apẹja, ẹ pe àwọn obìnrin tó ń fọṣọ níbẹ̀ àti àwọn tó ń sin ẹja àrọ̀. Kí ẹ fohùn ṣọ̀kan lórí nǹkan mẹ́ta péré: ta ló ń wo àwo lóṣooṣù, ọjọ́ wo la ń fa ewé, ibo la ń kó ẹrẹ̀ sí. Ohun tó bá ju ìyẹn lọ nípàdé àkọ́kọ́, ìjà ló ń dá sílẹ̀. Bó bá kan iléeṣẹ́ tó ń da omi ìdọ̀tí, ẹ gbé ìwé àti fọ́tò yín lọ sọ́dọ̀ NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin àyíká. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ìmọ́tótó omi orí ilẹ̀ àti abẹ́ ilẹ̀ ti wà láti ọdún 2011.

Ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, àwo kò ní sọ ohun púpọ̀. Èkejì, ó yẹ kí ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kó tó pòórá. Bí ó bá di oṣù kẹrin ẹ̀ẹ̀rùn kẹta tí kò sí ìyípadà, ẹ̀yin sì ti kó ẹrẹ̀, ẹ ti fa ewé, ẹnu ọ̀nà kan wà tí ẹ kò rí. Ẹ tún gbogbo gọ́tà rìn, ṣùgbọ́n lóru tí òjò bá ń rọ̀ ni kí ẹ rìn ín lẹ́ẹ̀yí, nítorí ìgbà yẹn ni àwọn tó ń ṣí sọ́kàwé sínú gọ́tà máa ń ṣí i.